Bí Ọkọ̀ Bá Kọ Kọ́kọ́rọ́ Rẹ̀, Ta Ni Ó Ni Ín?

Àwọn àgbà ní ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù. Kò sí ọmọ Yorùbá tí ọ̀rọ̀ yìí ṣòro fún. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi ẹ̀yin òǹkàwé ní ìbéèrè kan tí mo ti ń rò láti ìgbà tí mọ́tò tó ń lo iná mànàmáná ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú láàárín wa. Ká ní ọkùnrin kan fi owó ara rẹ̀ ra irú mọ́tò bẹ́ẹ̀. Kò jẹ gbèsè kọ́bọ̀. Ìwé mọ́tò wà ní orúkọ rẹ̀, inú ọgbà rẹ̀ ni ó gbé e sí, iná sì ti kún inú rẹ̀ bámúbámú láti alẹ́ àná. Ó di àárọ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ó fẹ́ lọ síbi iṣẹ́, mọ́tò bá kọ ọ́ sójú díńgí pé òun kò rí kọ́kọ́rọ́ kankan. Ta ni ó ni mọ́tò yẹn ní àárọ̀ ọjọ́ náà?

Ẹ lè sọ pé irú ìbéèrè wo nìyí, ṣé ẹni tó rà á kọ́ ló ni ín ni? Kó wá mẹkáníìkì lọ! Ó dáa. Ṣùgbọ́n kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí kọ́kọ́rọ́ òde òní jẹ́.

Kọ́kọ́rọ́ tí àwọn bàbá wa mọ̀, irin ni. Bí eyín rẹ̀ bá ihò àgádágodo mu, ó ṣí. Bí kò bá a mu, kò ṣí. Ó parí. Ti mọ́tò ìsinsìnyí kò rí bẹ́ẹ̀. Rédíò kékeré kan ni ó wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú bátìrì pẹlẹbẹ kan tó dà bí owó ẹyọ. Bí kọ́kọ́rọ́ bá sún mọ́ ọkọ̀ tó bíi mítà kan tàbí méjì, ọkọ̀ a pa àlọ́ àpamọ̀ fún un, kọ́kọ́rọ́ a sì túmọ̀ rẹ̀. Àlọ́ àná kọ́ ni tòní, kí ẹni tó bá fetí kọ́ ìdáhùn àná má baà fi ṣí i lónìí. Bí ìdáhùn bá pé, ilẹ̀kùn a ṣí, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ a sì gbà kó gbéra. Bí kò bá pé, ì báà jẹ́ ọba ni ó jókòó síbẹ̀, ọkọ̀ kò ní mira.

Ẹ ṣàkíyèsí pé nínú gbogbo àlàyé yìí, a kò tíì dárúkọ olówó ọkọ̀. Ọkọ̀ kò mọ̀ ọ́n rí. Kọ́kọ́rọ́ ni ó mọ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ bá sẹ́ olówó rẹ̀ báyìí, ohun kékeré ló sábà máa ń fà á. Ó lè jẹ́ pé bátìrì inú kọ́kọ́rọ́ ti kú. Èyí tí wọ́n kọ CR2032 sí lára ni ó wọ́pọ̀ jù, kò wọ́n, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún aago ṣe ni a ti ń rí i rà. Ó sì lè jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ àti fóònù wà pọ̀ nínú àpò kan, tí ariwo fóònù kò jẹ́ kí ọkọ̀ gbọ́ ohùn kọ́kọ́rọ́. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ mọ̀ pé irú èyí yóò máa ṣẹlẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀nà sílẹ̀. Irin pẹlẹbẹ kan sábà máa ń fara pamọ́ sínú kọ́kọ́rọ́, tí a lè fi ṣí ilẹ̀kùn. Bí a bá wọlé tán, ibi kan wà tí a ó fi kọ́kọ́rọ́ kàn, tí ọkọ̀ yóò sì dá a mọ̀ bí bátìrì rẹ̀ tilẹ̀ ti kú pátápátá. Ní ti Nissan Leaf, bọ́tìnnì tí a fi ń tan ọkọ̀ gan-an ni. Ní ti Tesla Model 3, káàdì ni, ara òpó tó wà láàárín ilẹ̀kùn iwájú àti ti ẹ̀yìn, ní ọwọ́ ọ̀dọ̀ awakọ̀, ni a sì ń fi í kàn kí ilẹ̀kùn tó ṣí.

Ọ̀rọ̀ bátìrì kejì ni ó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu jù. Lábẹ́ ọkọ̀ oníná mànàmáná ni bátìrì ńlá wà, agbára rẹ̀ lè tó 400 volt. Ṣùgbọ́n kékeré kan tún wà, ti 12 volt, bíi ti mọ́tò elépo tí gbogbo wa mọ̀. Kékeré yìí ni ó ń gbé kọ̀ǹpútà ró, òun ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn, òun náà ni ó ń lànà fún iná bátìrì ńlá láti jáde. Bí ó bá kú, ńlá ìbáà kún dé ẹnu, ọkọ̀ kò ní gbọ́, kò ní fọhùn. Kọ́kọ́rọ́ kò jẹ̀bi. Ẹni tí ó ń pè ló sùn. Ẹni tó bá sáré lọ ra kọ́kọ́rọ́ tuntun lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, owó rẹ̀ ló sọ nù.

Títí dé ibí yìí, olówó ọkọ̀ ṣì ni olówó ọkọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ àti ọwọ́ ríwáyà àdúgbò lè ká ọ̀rọ̀ náà. Ibi tí wàhálà wà ni ìgbà tí bátìrì gbogbo yè kooro, tí a mú kọ́kọ́rọ́ kejì wá, tí ọkọ̀ sì ní òun kò mọ èyíkéyìí nínú wọn. Nígbà náà, a ní láti tún kọ́kọ́rọ́ fi han ọkọ̀, bí ìgbà tí a bá ń fi àlejò han onílé. Kì í ṣe gbogbo ọwọ́ ni ó lè ṣe é. Ẹ̀rọ àwọn tó ṣe ọkọ̀ ni a fi ń ṣe é, nígbà mìíràn ẹ̀rọ yẹn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ wọn sọ̀rọ̀ kó tó gbàṣẹ. Ṣé ẹ wá rí i? Ẹni tó lè pàṣẹ fún ọkọ̀ pé “ẹni yìí ni kí o mọ̀” kì í ṣe ẹni tó sanwó.

Ẹ má rò pé àsọdùn ni. Ní ọjọ́ 19 oṣù kọkànlá ọdún 2021, kọ̀ǹpútà Tesla ṣe ségesège, àwọn kan tó ń fi fóònù nìkan ṣí ọkọ̀ wọn sì dúró síta bí àlejò. Ó tó wákàtí mélòó kan kó tó yanjú. Ìyẹn tilẹ̀ sàn, nítorí iléeṣẹ́ wà níbẹ̀ tó ń tún un ṣe. Ti Fisker ńkọ́? Ọdún 2023 ni iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà yìí bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọkọ̀ oníná wọn tí wọ́n ń pè ní Ocean fún àwọn tó rà á. Kò pẹ́ tí àròyé fi bẹ̀rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ sì wà lára ohun tí wọ́n ń ráhùn lé lórí: ó ń ti àwọn kan mọ́ta, ó ń ti àwọn mìíràn mọ́lé. Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún 2024, iléeṣẹ́ náà wọ gbèsè, ó gba kóòtù lọ, ó kógbá sílé. Àwọn tó ra ọkọ̀ wọn bá kó ara wọn jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń wá bí wọn yóò ṣe máa rí ohun èlò àti ìtọ́jú fún ohun tí wọ́n ti sanwó rẹ̀ tán. Iléeṣẹ́ kan ní New York tó ń fi mọ́tò háyà tilẹ̀ ra èyí tó ju 3,000 lọ nínú àwọn ọkọ̀ tó ṣẹ́kù, kí wọ́n tó gbọ́ pé kò ní rọrùn láti gbé àkọsílẹ̀ àwọn ọkọ̀ náà kúrò nínú kọ̀ǹpútà Fisker lọ sínú òmíràn. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Àmọ́ ṣá o, ẹjọ́ ẹnìkan ṣoṣo kọ́ là ń dá. Àwọn iléeṣẹ́ náà ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Wọ́n ní bí ọwọ́ gbogbo ènìyàn bá lè mọ kọ́kọ́rọ́ tuntun, ọwọ́ olè náà yóò mọ̀ ọ́n. Òótọ́ ni. Ní ilẹ̀ Britain, láti ọdún 1998 ni òfin ti ní kí ọkọ̀ tuntun máa ní ẹ̀rọ tí kò ní jẹ́ kó gbéra bí kò bá rí kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, ẹ̀rọ náà sì dín olè kù. Ta ni yóò bínú sí àgádágodo tó lágbára?

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí olè òde òní ń ṣe. Àwọn méjì ni. Ọ̀kan dúró ti ògiri ilé pẹ̀lú ẹ̀rọ, èkejì dúró ti ọkọ̀. Ẹ̀rọ wọn a gbé ohùn kọ́kọ́rọ́ láti orí tábìlì inú ilé dé etí ọkọ̀ níta, nígbà tí onílé ń hanrun lọ́wọ́. Ọkọ̀ a rò pé kọ́kọ́rọ́ ti dé, a ní ẹ káàbọ̀, wọ́n a sì gbé e lọ. Ní ọdún 2016, ADAC, ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò ní Jámánì, dán irú èyí wò lára oríṣiríṣi ọkọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì ṣí fún wọn. Ọkọ̀ kan náà tó lè sẹ́ olówó rẹ̀ láàárọ̀ lè kí olè káàbọ̀ lóru. Kì í ṣe pé ó burú. Àmì ni ó mọ̀, kò mọ ènìyàn.

Àwa náà ti lo àmì rí nílẹ̀ yìí. Ọba a máa fi àrokò ránṣẹ́. Ìlàrí Aláàfin, orí rẹ̀ tí wọ́n fá lápá kan ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ènìyàn ló ń gba àmì náà. Bí ó bá ṣe iyèméjì, ó lẹ́nu láti béèrè, ó sì lẹ́sẹ̀ láti ránṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí a bá ń ra ilẹ̀, a kì í rà á láìsí ẹlẹ́rìí. Bí ìwé jóná, ẹlẹ́rìí a sọ̀rọ̀. Ohun tó sọ ni di olóhun ni pé àwọn ènìyàn wà tó lè dìde pé “tirẹ̀ ni, a wà níbẹ̀.”

Ìdáhùn tèmi nìyí. Ọkọ̀ jẹ́ ti ẹni tó rà á. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó tà á bá fi agbára ìdánimọ̀ pamọ́ sọ́wọ́ ara rẹ̀, kò tíì tà á tán, àárín òun àti ẹni tó rà á sì ṣì jẹ́ ti onílé àti ayálégbé. Àgbàtán là á gba ọ̀lẹ; bí a dáṣọ fún un, à pa á láró. Ẹni tó bá fẹ́ di agbára yẹn mú nítorí olè, ẹrù mẹ́ta wà lọ́rùn rẹ̀: kó fún olówó ọkọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ kejì, kó ní ènìyàn, kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan, tí yóò wo ìwé, tí yóò sì gbọ́ ẹjọ́, kó sì fi ọ̀nà sílẹ̀ tí ẹlòmíràn tó ṣeé fọkàn tán yóò fi ṣe iṣẹ́ náà bí òun bá kógbá sílé. Ní ọdún 2020, àwọn ará ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà dìbò pé kí àwọn tó ń ṣe mọ́tò ṣí àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ sílẹ̀ fún olówó rẹ̀ àti mẹkáníìkì tó bá yàn. Bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tó dìbò ló gbà á. Ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti aláròyé kan ṣoṣo.

Ọ̀dọ̀ àwa tí a ń ra tòkunbọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí yóò ti le jù, nítorí ọ̀pọ̀ mọ́tò bẹ́ẹ̀ ń dé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ kan péré, ẹni tó ṣe é sì lè máà ní ṣọ́ọ̀bù kankan nílẹ̀ wa. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Kí ẹ tó san owó mọ́tò oníná, ẹ béèrè kọ́kọ́rọ́ kejì, kí ẹ sì fi méjèèjì tan ọkọ̀ lójú ẹni tó ń tà á. Ẹ ní kó fi ibi tí a ń fi kọ́kọ́rọ́ kàn hàn yín, àti ibi tí bátìrì 12 volt wà. Ẹ gba ìwé tó pé. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í pé bí ọkọ̀ yìí bá sẹ́ mi lọ́la, ta ni nínú ìlú yìí ni yóò tún fi mí hàn án? Bí ó bá ní kí ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, ẹ káwó yín sápò, kí ẹ máa lọ sílé.