Àjàrà Abẹ́ Ilẹ̀

Lópin oṣù Ọ̀wàrà, nígbà tí wọ́n bá ti ká èso tán, tí ewé ti pọ́n, tó ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn àgbẹ̀ Ningxia ní àríwá Ṣáínà máa ń sin àjàrà wọn. Wọ́n á kọ́kọ́ gé ẹ̀ka tí kò wúlò mọ́ kúrò, wọ́n á tú èyí tó kù lára wáyà tó ti ń gbé e dúró látìgbà ooru, wọ́n á rọra tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ gbọọrọ, wọ́n á sì wa iyẹ̀pẹ̀ lé e lórí títí kò fi ní sí ibi tí afẹ́fẹ́ lè gbà kàn án. Tí wọ́n bá ṣe tán, oko tí ewé kún lóṣù tó kọjá á di ebè gígùn tó tò tẹ̀léra títí dé ẹsẹ̀ òkè, àti òpó, àti wáyà tí kò gbé nǹkan kan dúró mọ́. Àjèjì tó bá gba ibẹ̀ kọjá lóṣù Ọ̀pẹ á rò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ebè sílẹ̀ de òjò ni, pé wọn ò tíì gbin nǹkan kan.

Òtútù ló fà á. Cabernet Sauvignon, tó pọ̀ jù nínú irú àjàrà tí wọ́n ń gbìn níbẹ̀, ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n ti mú un wá, kò sì lè fara da òtútù tó bá kọjá bí ìwọ̀n 15 nísàlẹ̀ òdo. Ní Ningxia, ó lè dé 20. Yìnyín tí ì bá bo igi mọ́lẹ̀ kò pọ̀, afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó ń ti aṣálẹ̀ wá sì ń fa omi ara ẹ̀ka gbẹ. Abẹ́ ilẹ̀ nìkan ló kù. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé abẹ́ ilẹ̀ náà ò gbóná. Iyẹ̀pẹ̀ ò fún àjàrà ní ohunkóhun. Ó kàn ń dá òtútù dúró díẹ̀ ni, kó má bàa dé ibi tí ẹ̀mí wà. Ibo sì ni ẹ̀mí wà lára igi tí kò ní ewé, tí kò dàgbà, tí kò ṣe nǹkan kan fún bí oṣù márùn-ún? Tí èèyàn bá fi èékánná ha èèpo ẹ̀ka náà díẹ̀, á rí àwọ̀ ewé tín-ín-rín lábẹ́ rẹ̀, tútù, ó ń dán. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlà tín-ín-rín yẹn ni gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti igi ìdáná.

Mo máa ń wo fídíò iṣẹ́ yìí lóru nígbà tí oorun bá kọ̀ tí kò wá, tí ilé ti dákẹ́. Katakata ló ń kọ́kọ́ da iyẹ̀pẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà náà, ariwo rẹ̀ pọ̀, eruku rẹ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kì í lè ṣe é tán. Àwọn obìnrin ló ń tẹ̀ lé e, wọ́n ti fi ìborùn di orí àti imú, ojú nìkan ló hàn. Ọ̀kan nínú wọn fi orúnkún tẹ àjàrà mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì di ìdí rẹ̀ mú níbi tó ti lè kán, ó fi ọ̀tún wa iyẹ̀pẹ̀, ó dà á síbi tí èèpo ṣì ti hàn, ó fi ẹ̀yìn ṣọ́bìrì gbá a lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ sórí èkejì. Kò wẹ̀yìn. Púpọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ oko wọ̀nyí ló wá láti Xihaigu ní gúúsù Ningxia, níbi tí ọ̀dá ti sọ ilẹ̀ di aláìlérè. Ní àwọn ọdún 1990 àti lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba kó wọn wá sí àwọn ìlú tuntun bíi Minning. Ó rọrùn láti sọ pé àwọn náà dà bí àjàrà, pé wọ́n hú wọn níbì kan kí wọ́n tó gbìn wọ́n síbòmíràn. Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Èèyàn mọ ohun tó fi sílẹ̀.

Ẹsẹ̀ òkè Helan ni oko wọ̀nyí wà. Ẹsẹ̀ òkè yìí kan náà ni sàréè àwọn ọba Xixia wà, mẹ́sàn-án, tí UNESCO kọ mọ́ ogún àgbáyé lọ́dún 2025. Ìjọba wọn bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1038, ó sì parẹ́ lọ́dún 1227 nígbà tí ogun Mongol kó o. Iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n gún mọ́ra ni wọ́n fi mọ ilé fún àwọn òkú náà. Òjò àti afẹ́fẹ́ ti jẹ ọ̀ṣọ́ rẹ̀ lọ, ohun tó ṣẹ́ kù wá dà bí òkìtì ọ̀gán ńlá tí ikán ti kó kúrò nínú rẹ̀. Àwọn ará Xixia ní ìkọ̀wé tiwọn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àmì tó díjú, tó fi jẹ́ pé nígbà tó yá, kò sẹ́nì kan láyé tó lè kà á, títí àwọn ọ̀mọ̀wé fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú u díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù ju ikú ọba lọ: pé kí ọ̀rọ̀ wà lójú òkúta, kí oòrùn máa ràn sí i lójoojúmọ́, kí gbogbo ẹni tó ń kọjá sì máa rí ìfàlà lásán. Mo ń ro ọba tí wọ́n sin tìlù-tìfọn kó lè wà títí ayé, mo sì ń ro àjàrà tí alágbàṣe sin láti ìsinsìnyí di ìgbà ìrúwé. Iyẹ̀pẹ̀ ibì kan náà ni, ọwọ́ èèyàn ló sì wa méjèèjì.

Ìwọ̀ oòrùn lọ́hùn-ún, ní Xinjiang, Turpan wà nínú kòtò. Adágún Aydingkol tó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ fi nǹkan bíi mítà 154 rẹlẹ̀ ju ojú òkun lọ. Òjò ọdún kan gbáko níbẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà 16 lọ. Síbẹ̀, àjàrà ló gba ibẹ̀ kan. Omi yìnyín tó yọ́ lórí òkè Tianshan ló ń gba inú ihò abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní karez wá bá wọn, nínú òkùnkùn, kí oòrùn má bàa fà á gbẹ lọ́nà. Bí èso bá pọ́n, wọ́n á so ó rọ̀ sínú ilé bíríkì tó kún fún ihò, afẹ́fẹ́ gbígbóná á máa gba ibẹ̀ kọjá tọ̀sán-tòru títí á fi gbẹ. Mo ń jẹ irú èso gbígbẹ bẹ́ẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí. Ara rẹ̀ ti hunjọ, ó le díẹ̀ létí eyín, lẹ́yìn náà ni adùn tí omi fi sílẹ̀ lọ á wá tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Nítòsí Turpan yìí, ní Yanghai, àwọn awalẹ̀pìtàn hú ẹ̀ka àjàrà kan nínú ibojì àtijọ́. Ó gùn ju mítà kan lọ díẹ̀, ó sì ti tó nǹkan bí 2,300 ọdún. Gbígbẹ tí ilẹ̀ gbẹ ni kò jẹ́ kó jẹrà. Kí ni ẹni tó gbé e ti òkú rò pé yóò ṣe níbẹ̀? Bóyá kó gbìn ín níbi tó ń lọ. Bóyá òkú náà fẹ́ràn rẹ̀ láyé, tí ẹnì kan sì gé e lẹ́yìnkùlé láìronú púpọ̀, bí a ṣe ń ki nǹkan bọ àpò ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò. Mo fẹ́ràn láti rò pé àgbẹ̀ ni, pé ó mọ̀ pé a lè fi iyẹ̀pẹ̀ bo àjàrà kó má kú. Ó bò ó. Kò sẹ́ni tó padà wá hú u.

Nígbà náà, kí ni ìyàtọ̀? Lójú ẹ̀ka tó wà lábẹ́ ilẹ̀, òkùnkùn kan náà ni. Èyí tí wọ́n máa hú lóṣù Igbe àti èyí tí wọn ò ní hú láé, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ èwo lòun. Àwọn kan ti sọ fún mi pé ẹnì kan ń bọ̀ wá hú wa. Àwọn kan ní inú ọmọ wa la ó gbà padà. Àwọn mìíràn, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ní òkùnkùn náà ni, ó parí. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Mo kàn ń ronú pé mo wà lókè báyìí, mo ń rí ìmọ́lẹ̀, mo ń jẹ èso, mi ò sì ṣe nǹkan kan tó mú kó rí bẹ́ẹ̀.

Ṣáínà tóbi, kì í ṣe gbogbo ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sin àjàrà. Ní Yantai, létí òkun, níbi tí Zhang Bishi ti dá ilé iṣẹ́ wáìnì Changyu sílẹ̀ lọ́dún 1892, òtútù ò burú tó bẹ́ẹ̀. Òjò ìgbà ooru àti èébu ni ìdààmú wọn. Ní Yunnan, ní àfonífojì odò Lancang, àwọn àlùfáà Faransé gbin àjàrà sí abúlé Cizhong. Wọ́n ti lọ tipẹ́. Àjàrà wà níbẹ̀ dòní, òkè ńlá ń jí oòrùn mọ́ ọn lójú láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Ṣùgbọ́n Ningxia ni ọkàn mi ń padà sí, nítorí ohun kan tí mo gbọ́ nípa ìdí igi náà. Bí àjàrà bá ṣe ń dàgbà ni ìdí rẹ̀ ń nípọn, tó ń le. Ó máa ń dé ọdún kan tí kò ní lè tẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, á kán. Wọ́n ti wá ń kọ́ ọ láti kékeré báyìí kó máa hù ní dídagun, kó lè rọrùn láti dùbúlẹ̀. Síbẹ̀, nínú sísin àti híhú, èèpo ń bó, ẹ̀ka ń ya, ojú tuntun ń ṣẹ́. Níbi tí wọn kì í ti í sin ín, àjàrà lè lo ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níhìn-ín, kì í sábà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń gbà á lọ́wọ́ ikú lọ́dọọdún ló ń gé ẹ̀mí rẹ̀ kúrú, ó sì ṣòro fún mi láti bá ẹnikẹ́ni wí nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ní Beijing, àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn ti fi àjàrà ìgbẹ́ ti àríwá ìlà oòrùn, èyí tí òtútù kì í pa, ṣe bàbá fún irú tuntun. Wọ́n pè wọ́n ní Beihong àti Beimei, ní ọ̀pọ̀ ibi wọn kì í sin wọ́n. Tí irú wọn bá gba oko kan, ebè gígùn yẹn ò ní sí mọ́ nígbà òtútù. Àjàrà á dúró ní ìhòòhò lójú afẹ́fẹ́ títí ilẹ̀ á fi rọ. Inú mi ń dùn nítorí ẹ̀yìn obìnrin oníṣọ́bìrì yẹn. Lẹ́yìn náà ni mo wá rántí pé owó ojúmọ́ ni wọ́n ń san fún un, pé sísin àti híhú ni iṣẹ́ tó ń rí ṣe nígbà tí kò sí èso láti ká, mi ò sì mọ ohun tí màá sọ fún un mọ́.