Àṣírí Ta Ni À Ń Bò?

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Un, Ẹni tí Ó fi ọmọ ta wá lọ́rẹ. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oṣù yìí kò dùn ún sọ láwùjọ, ṣùgbọ́n bí a bá dákẹ́, oníṣẹ́ ibi nìkan ni yóò jàǹfààní ìdákẹ́ wa. Ọ̀rọ̀ náà ni ti àwọn àgbà tí ń bá ọmọdé ṣe ìṣekúṣe, àti ohun tí òbí, ilé ìwé àti ilé kéwú gbọ́dọ̀ ṣe láti dáàbò bo àwọn ọmọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó ni. Ní ọdún 2014, ìjọba Nàìjíríà àti àjọ UNICEF ṣe ìwádìí káàkiri orílẹ̀-èdè yìí. Wọ́n rí i pé nínú ọmọbìnrin 4, ó tó 1 tí irú ìyà yìí ti jẹ kí ó tó pé ọdún 18. Nínú ọmọkùnrin 10, ó tó 1. Ẹ ka àwọn ọmọ tí ó wà ní kíláàsì kan ní ilé kéwú yín, kí ẹ ṣe ìṣirò náà fúnra yín. Ẹni tí ń ṣe é kì í sì í sábà jẹ́ àjèjì. Ẹni tí ọmọ mọ̀ ni: aládùúgbò, ìbátan, olùkọ́, tàbí ẹni tí wọ́n ń pè ní "Bọ̀dá" nínú ilé. Kòkòrò tí ń jobì, inú obì ló ń gbé.

Ìsìláámù ti ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yìí tipẹ́. Nínú Suratu Nuur, ẹsẹ 58, Ọlọ́hun pa á láṣẹ pé kí àwọn ọmọ inú ilé pàápàá máa tọrọ àyè kí wọ́n tó wọlé tọ àgbà ní ìgbà mẹ́ta: kí a tó kí ìrun àsùbáà, ní ọ̀sán nígbà tí a bá bọ́ aṣọ, àti lẹ́yìn ìrun ìṣáì. Nínú hadiisi tí Abu Dawud gbà wá, Ànábì ní kí a ya ibùsùn àwọn ọmọ sọ́tọ̀ bí wọ́n bá pé ọdún 10. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, síbẹ̀ a yà wọ́n. Ìṣọ́ra kì í ṣe ìfẹ̀sùnkàn. Bí a bá lè ṣọ́ ọmọ ìyá sí ọmọ ìyá, ta wá ni a ó sọ pé kí a má ṣọ́ nítorí pé ó wé láwàní?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọ́ nìyí. Bí ọmọ bá ké, àwọn àgbà a pé jọ. Wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ kí á bò ó mọ́lẹ̀, ará wa ni. Ẹni tí ó bá bo àṣírí Mùsùlùmí, Ọlọ́hun yóò bo tirẹ̀." Ọkùnrin náà á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á fún òbí lówó díẹ̀, wọ́n á kìlọ̀ fún ọmọ pé kí ó pa ẹnu mọ́. Nígbà mìíràn, wọ́n á ní kí ó kúrò ní ìlú. Ó dé ìlú kejì, àwọn ọmọ mìíràn gbé wàláà, wọ́n jókòó síwájú rẹ̀.

Òótọ́ ni hadiisi náà, ibi tí wọ́n lò ó sí ni kò tọ́. Imaamu Nawawi ti ṣàlàyé rẹ̀ pé ẹni tí a kò mọ̀ mọ́ ìwà ìpalára ni bíbo àṣírí wà fún. Ẹni tí ìpalára rẹ̀ ń bá ẹlòmíràn, àwọn aláṣẹ ni kí a mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ bá. Ànábì ní kí a ran arákùnrin wa lọ́wọ́, ìbáà ṣe alábòsí. Nígbà tí wọ́n bi í bí a ó ti ran alábòsí lọ́wọ́, ó ní kí a di ọwọ́ rẹ̀ mú. Suratu Nisaa, ẹsẹ 135, sì pa wá láṣẹ láti jẹ́rìí òdodo, kódà bí ó bá ta ko òbí àti ìbátan wa. Àṣírí tí ó yẹ kí a bò ni ti ọmọ: kí a má gbé orúkọ rẹ̀ kiri ẹgbẹ́ àsàlátù, kí a má pè é ní ẹni tí ó ti bàjẹ́. Ọmọ kò dẹ́ṣẹ̀. A ti gbé kálámù kúrò lórí rẹ̀ títí yóò fi bàlágà. Kí ẹnikẹ́ni má sì bi í pé ẹlẹ́rìí mẹ́rin rẹ̀ dà. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ẹ̀sùn sìná kan ẹlòmíràn ni Àlùkùránì bi ní ẹlẹ́rìí mẹ́rin. Kò ní kí ọmọ tí a ṣe léṣe wá wọn kí ó tó ké.

Òfin ilẹ̀ wa kò ṣe tì sọ́tùn-ún tì sósì. Nínú Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, ẹ̀wọ̀n gbére ni ìjìyà ẹni tí ó bá bá ọmọdé lò pọ̀. Kò lè sọ pé ọmọ gbà fún òun, tàbí pé òun rò pé ó ti pé ọdún 18. Àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá náà ti sọ ọ́ di òfin tiwọn.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ wá di òbí, ẹ kọ́ ọmọ pé ibi tí aṣọ bò ní ara rẹ̀, kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kàn án ṣeré. Ẹ sọ fún un pé bí àgbà kan bá ní, "Má sọ fún ìyá rẹ," ìyá rẹ̀ gan-an ni kí ó sọ fún. Bí ara ọmọ bá ń kọ ilé ẹnì kan, ẹ má fi tipátipá rán an lọ síbẹ̀.

Àwa olùkọ́, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn kíláàsì wa wà ní ṣíṣí. Kí ọmọ kan ṣoṣo má ṣe dá wà pẹ̀lú olùkọ́ nínú yàrá. Kí a má ṣe rán ọmọ láti wá tẹ ẹsẹ̀ fún wa ní alẹ́. Níbi tí ọmọ ń gbé nílé kéwú, kí ọmọkùnrin ya ọ̀tọ̀, ọmọbìnrin ya ọ̀tọ̀, kí àwọn gìrìpá má sì sùn ti àwọn kéékèèké. Kí a tó gba olùkọ́ tuntun, ẹ jẹ́ kí a wádìí ibi tí ó ti ń bọ̀ àti ohun tí ó lé e kúrò níbẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń darí ìpàgọ́ ìgbà ìsinmi, tiyín náà nìyí.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ fi sùúrù gbọ́ ọmọ, ẹ sọ fún un pé kò jẹ̀bi. Ẹ má wẹ̀ ẹ́, ẹ má fọ aṣọ rẹ̀, nítorí ẹ̀rí wà níbẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, nítorí oògùn tí ń dènà kòkòrò àrùn éèdì, láàárín wákàtí 72 ni a gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 2013 ni wọ́n dá Mirabel Centre sílẹ̀ ní Ìkẹjà fún irú ìtọ́jú yìí, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn sì ti ní irú rẹ̀ lẹ́yìn náà. Láti ibẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́pàá, kì í ṣe àárín àwọn àgbà àdúgbò.

Ẹ̀yin ará, àmánà ni ọmọ jẹ́ lọ́wọ́ wa, olúkúlùkù ni a ó sì bi léèrè agbo ẹran tí ó ń dà. Kí oṣù yìí tó parí, kí olúkúlùkù wa lọ sí ilé kéwú tí àbúrò rẹ̀ ń lọ, kí ó bi wọ́n léèrè ibi tí àwọn ọmọ ń sùn àti ẹni tí ń mú kọ́kọ́rọ́ yàrá wọn. Olùkọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kò ní bínú sí ìbéèrè náà.

Kí Ọlọ́hun bá wa ṣọ́ àwọn ọmọ wa, kí Ó tu àwọn tí a ti ṣe léṣe nínú, kí Ó má sì fi wá sínú àwọn tí ń ran alábòsí lọ́wọ́. Aamiin.