Ohun Tí Kò Ní Olùṣọ́: Olè Irin àti Ìbéèrè Ohun Ìní Gbogbo Ìlú

Ọ̀rọ̀ olè irin tí ó ń gbilẹ̀ ní àwọn ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá kọjá ohun tí ọlọ́pàá àti ilé ẹjọ́ nìkan lè dá sí, nítorí pé kí ènìyàn tó lè ṣàlàyé ohun tí ó burú nínú ìwà ẹni tí ó tú ìdérí ihò gọ́tà lójú títì, tàbí tí ó gé wáyà bàbà lára tàránsífọ́mà lóru, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè kan tí ó jẹ́ ti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀: ta ni ó ni ohun tí gbogbo ènìyàn jùmọ̀ ń lò, tí ẹnikẹ́ni kò sì dúró ṣọ́? Ìbéèrè yìí ló dojú kọ ẹni tí ó bá rí àlàfo tí àwọn olè dá sílẹ̀ lára irin ẹ̀gbẹ́ Afárá Third Mainland ní Èkó, tí wọ́n parí ní 1990. Òun náà ló dojú kọ àwọn tí ń tọ́jú ojú irin rélùwéè àtijọ́, èyí tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ láti Èkó ní 1896, tí ó sì wọ Ìbàdàn ní 1901.

Àwọn baba ńlá Yorùbá ní ìdáhùn kan tí ó yẹ ní gbígbé yẹ̀ wò. Ààlè ni àmì tí olóhun máa ń fi sára ohun ìní rẹ̀ nígbà tí kò bá sí nítòsí; ó lè jẹ́ àkísà pupa, ìkarahun ìgbín tàbí ògbólógbòó ìgbálẹ̀. Àmì náà kò lè di ọwọ́ olè mú, ṣùgbọ́n ó ń sọ fún ẹni tí ń kọjá pé ohun tí kò ní olùṣọ́ ṣì ní olúwa. Lórí ìgbàgbọ́ kan náà ni àwọn àgbẹ̀ fi ń pàtẹ iṣu sí ẹ̀bá ọ̀nà, tí wọ́n á to òkúta wẹ́wẹ́ tì í láti fi iye owó rẹ̀ hàn, tí wọ́n á sì wọ oko lọ, tí oníbàárà yóò mú iṣu, tí yóò sì fi owó sílẹ̀.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé olóhun kan, tàbí ìdílé kan, ni ààlè mọ̀. Irin afárá àti ti iná mànàmáná kò bá irú olóhun bẹ́ẹ̀ wá. Ọwọ́ ìjọba amúnisìn ni wọ́n ti kọ́kọ́ wá, ìjọba tí ń gba owó orí láìbéèrè èrò ẹnikẹ́ni. Peter Ekeh, onímọ̀ ìṣèlú ọmọ Nàìjíríà, ṣàlàyé nínú àpilẹ̀kọ kan tí ó jáde ní 1975 pé ìjọba amúnisìn pín àwùjọ ilẹ̀ Áfíríkà sí agbo méjì: agbo ti ìlú àti ìran, níbi tí ojúṣe ti ń de ènìyàn, àti agbo ti ìjọba, níbi tí ẹni tí kò jẹ́ fọwọ́ kan owó ẹgbẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀ ti lè kó owó ìjọba láìsí pé ọkàn rẹ̀ dá a lẹ́bi. Àlàyé yìí bá ọ̀rọ̀ olè irin mu ju ẹ̀sùn òṣì lásán lọ, nítorí àìmọye òtòṣì ni kò jalè rí. Ṣùgbọ́n kò lè di àwíjàre, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ àdúgbò lónìí, àwọn ará àdúgbò fúnra wọn ló ń dá owó jọ ra wáyà tàránsífọ́mà. Bí wọ́n bá jí i, ẹ̀rọ aránṣọ yóò dákẹ́, ẹja inú yìnyín yóò jẹrà, inú òkùnkùn náà ni ọmọdé yóò sì ti já sínú ihò gọ́tà tí kò ní ìdérí mọ́. Òṣùwọ̀n ni wọ́n fi ń ra irin lọ́wọ́ olè, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí irin náà ń ṣe fún ìlú kì í gun orí òṣùwọ̀n.

Ẹ̀sìn ìbílẹ̀ tún fi kún bí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo tó. Ní ọ̀pọ̀ ojúbọ Ògún, òrìṣà tí ó ni irin, àjákù irin ni wọ́n kó jọ síbẹ̀, èyí tí ó fi hàn pé irin tí ó ti gbó kò tí ì jáde kúrò lábẹ́ àṣẹ rẹ̀. Irin náà ni ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ń fẹnu kàn ní kóòtù, bí Mùsùlùmí ṣe ń fi Kùránì búra tí Kìrìsìtẹ́nì sì ń fi Bíbélì búra. Èyí kò sọ òwò irin àlòkù di ẹ̀ṣẹ̀ rárá. Nígbà tí irin òyìnbó ti pa iṣẹ́ yíyọ́ irin láti inú òkúta rẹ́, àjákù irin ni àwọn alágbẹ̀dẹ ń sọ di ọkọ́ àti àdá. Ọpẹ́ sì yẹ àwọn tí ń ti ọmọlanke kiri lónìí láti ra irin kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, ìyẹn irin tí olówó rẹ̀ ti kọ̀ sílẹ̀.

Ọ̀dọ̀ ẹni tí ń ra irin olè ni ẹ̀bi ti wúwo jù. Iná ìléru, tí gbígbóná rẹ̀ lè lé ní 1,500 lórí ìdíwọ̀n Celsius, máa ń pa gbogbo àmì rẹ́, tí irin afárá yóò fi di ọ̀pá irin ìkọ́lé tí ẹnikẹ́ni kò lè dá mọ̀ mọ́. Nítorí náà, orí òṣùwọ̀n oníṣòwò ni ibi ìkẹyìn tí ènìyàn ti lè béèrè ibi tí irin ti wá. Yorùbá ti sọ ọ́ pé ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ fún un. Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù Nàìjíríà jogún bá òwe yìí mu: abala 390 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 3 sílẹ̀ fún olè tí kò ní ìjìyà mìíràn, abala 427 sì fi ọdún 14 sílẹ̀ fún ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ gba ẹrù irú olè bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó ru àpò ni ọwọ́ sábà máa ń tẹ̀. Kò tọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó ni òṣùwọ̀n àti àwọn tí ó ni ìléru ni ó yẹ kí ìjọba, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sálásí àti àwọn ọmọ Ògún kọ́kọ́ pè wá jíhìn.