Ta Ni Ó Jẹ Òkú Ní Gbèsè?

Ní àdúgbò Albarika, ní Parakou wa yìí, bí wọ́n bá ti kírun sí òkú lára tán, tí wọn kò tíì gbé e wọ ilẹ̀, ẹnì kan nínú ẹbí a máa dìde láàrin àwọn ènìyàn. Ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè púpọ̀. Yóò ní bí olóògbé bá jẹ ẹnikẹ́ni lówó, kí onítọ̀hún má ṣe tijú, kí ó wá bá ẹbí. Bí ó bá sì ṣẹ ẹnikẹ́ni, kí ẹni náà forí jì í nítorí Ọlọ́run. A ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í fetí sí i mọ́. Òun gan-an ni ó sì mú wa kọ àpilẹ̀kọ yìí, nítorí a ṣàkíyèsí pé apá kan ṣoṣo ni ìbéèrè náà kọjú sí. Ẹni tí òkú jẹ ni wọ́n ń wá. Ẹnikẹ́ni kì í dìde bèèrè àwọn tó jẹ òkú.

Gbèsè owó kọ́ ni a ní lọ́kàn. Àwọn ajogún kì í gbàgbé ìyẹn. Gbèsè ìyìn ni, àti ti ọpẹ́: ọ̀rọ̀ rere tí ó tọ́ kí ènìyàn fi etí ara rẹ̀ gbọ́, tí a fi pamọ́ títí etí náà fi di. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa. Ó ní bí gbajúmọ̀ kan bá kú lóde òní, kí wákàtí kan tó pé, àwòrán rẹ̀ yóò ti kún ojú fóònù gbogbo wa pẹ̀lú àbẹ́là àti ọ̀rọ̀ dídùn. Ó wá bèèrè pé: ta ni a ń kọ ọ́ sí? Òkú kò lè kà á. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwa tí a dàgbà díẹ̀ kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí olúkúlùkù wa ni ó ní ẹnì kan tí ó rántí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí gbogbo ayé ti rí i. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún 2011, Steve Jobs, ọ̀kan lára àwọn tó dá iléeṣẹ́ Apple sílẹ̀ ní ọdún 1976, jáde láyé ní California lẹ́ni ọdún 56. Ọjọ́ kan péré ṣáájú ni iléeṣẹ́ rẹ̀ ti fi fóònù tuntun han ayé. Kò pẹ́ tí ìròyìn náà tàn tí àwọn ènìyàn fi ń kó òdòdó, àbẹ́là àti èso ápù tí wọ́n ti gé jẹ lẹ́ẹ̀kan lọ síwájú àwọn ilé ìtajà Apple, nítorí ápù tí a gé jẹ ni àmì iléeṣẹ́ náà. Ààrẹ Amẹ́ríkà kẹ́dùn, àwọn tó bá a du ọjà kẹ́dùn. Púpọ̀ nínú àwọn tó sunkún kò bá a pàdé rí, wọn kò sì ní jẹ nínú ogún rẹ̀. Àwọn kan tìtorí èyí sọ pé ẹkún èké ni. A kò gbà pẹ̀lú wọn. Ẹni tó ṣe ohun kan tí o ń fọwọ́ kàn láti àárọ̀ dé alẹ́ ti wọ inú ilé rẹ, yálà o mọ̀ ọ́n tàbí o kò mọ̀ ọ́n. Bí ìyá arúgbó kan bá sunkún nígbà tí alágbẹ̀dẹ tó rọ ọkọ́ ilé rẹ̀ kú, ta ni yóò sọ pé ó ṣe àṣejù?

Ẹnì kan kò bá wọn sunkún. Richard Stallman, ẹni tí ó dá iṣẹ́ GNU sílẹ̀ ní ọdún 1983 kí gbogbo ènìyàn lè ní òmìnira láti lo sọ́fítíwíà, láti yẹ inú rẹ̀ wò àti láti yí i padà, kọ ọ́ sí gbangba lọ́jọ́ kejì. Ó ní inú òun kò dùn pé Jobs kú, ṣùgbọ́n inú òun dùn pé kò sí níbẹ̀ mọ́, nítorí ó ti sọ kọ̀ǹpútà di ẹ̀wọ̀n tí ojú rẹ̀ dára. Wọ́n bú u gidigidi. Bí a bá fi ojú Albarika wò ó, àṣìṣe rẹ̀ kì í ṣe pé ó dárúkọ gbèsè òkú kí ilẹ̀ ibojì tó gbẹ. Àwa pẹ̀lú ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbí. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, ẹbí ni ó ń dárúkọ rẹ̀, àwọn tí yóò san án. Kì í ṣe olówó ni ó ń pariwo rẹ̀ lórí òkú. Ẹni tí yóò bá sọ àléébù olóògbé, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ẹni tó ṣetán láti bá a gbé díẹ̀ nínú ẹrù náà.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn Jobs, ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá yẹn náà, wọ́n bá òkú Dennis Ritchie nínú ilé rẹ̀ ní New Jersey, níbi tí ó ń dá gbé. Ẹni ọdún 70 ni. Òun ni ó ṣẹ̀dá C, èdè tí a fi ń kọ iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà, òun àti Ken Thompson sì ni àgbà nínú àwọn tó pilẹ̀ Unix ní Bell Labs. Láti ìdílé Unix ni ohun tó gbé kọ̀ǹpútà àti fóònù Apple ró ti wá. Fóònù tí àwọn ènìyàn fi ya àwòrán òdòdó nítorí Jobs, iṣẹ́ Ritchie ni ó ń mí nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, àwọn yòókù kò mọ̀ pé ẹnì kan kú. Ilé ìtajà wo ni à bá tilẹ̀ gbé òdòdó tirẹ̀ lọ? Síbẹ̀ a kò gbọdọ̀ káàánú rẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ní ọdún 1983 ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fún òun àti Thompson ní ẹ̀bùn Turing, tí kò sí èyí tó ga jù ú lọ nínú iṣẹ́ wọn. Ó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ.

Àwọn wọ̀nyí jìnnà sí wa. Nílé ńkọ́?

A bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀délé Awójọbí ní Èkó ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta ọdún 1937. Ọmọ Ìkòròdú ni bàbá rẹ̀, ọ̀gá ibùdókọ̀ ojú irin sì ni. Àwa tí a ń gbé ní Parakou, níbi tí ojú irin láti Cotonou dópin sí, mọ irú ọmọ tí ó máa ń ti irú ilé bẹ́ẹ̀ jáde, ọmọ tí ó ti gbọ́ ohùn ẹ̀rọ kí ó tó gbọ́ agogo ilé-ìwé. Ó kàwé ní CMS Grammar School, ó gba oyè ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Zaria, ó sì lọ sí Imperial College ní London, níbi tí ó ti di ọ̀mọ̀wé. Ó tún padà síbẹ̀ lọ gba oyè DSc, èyí tí a kì í fún ènìyàn bí kò ṣe nítorí iṣẹ́ ìwádìí tó dáńtọ́. Yunifásítì Èkó ní Akoka ni ó ti kọ́ni.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, Nàìjíríà fi apá òsì títì sílẹ̀, ó bọ́ sí apá ọ̀tún bíi tiwa níbí. Àwọn awakọ̀ tó ń gba Kétu kọjá ibodè mọ ìtura tí ìyẹn mú wá. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ti wà nílẹ̀, tí ìdarí rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ó di ìṣòro. Awójọbí mú ọkọ̀ ilé ara rẹ̀, Opel Olympia Rekord, ó sì gbé ìdarí rẹ̀ láti ọ̀tún sí òsì. Ó tún mú jíìpù kan irú ti ológun, ó ṣe ìdarí kejì sí i, ó sì sọ ọ́ di ọkọ̀ tí ó lè fi gbogbo jíà rẹ̀ sáré síwájú tàbí sẹ́yìn láìyí orí padà. Ó pè é ní Autonov 1. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ti há rí ní ẹ̀bá ọjà Arzèkè, tí kò rí ibi yí i sí, yóò mọ ohun tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tó. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà kò sì fi ẹnu rẹ̀ mọ sórí ẹ̀rọ. Ó ń sọ̀rọ̀ ní gbangba lòdì sí ìṣèjọba Ààrẹ Shehu Shagari, ó sì gbé ìjọba lọ sí ilé-ẹjọ́. Ó kú ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1984, lẹ́ni ọdún 47.

Ní ọdún 2009, Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá ṣí ère rẹ̀ ní oríta Onike ní Yaba, nínú ọgbà tí a fi orúkọ rẹ̀ pè. Ọjọ́ a kú là ń dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè: òwe tí a máa ń pa lásán, ní Onike ojú ni a fi rí i. A kò bú àwọn tó gbé ère náà kalẹ̀. Kì í ṣe ìjọba tí ó pè lẹ́jọ́ ni ó ṣe é, ó sì dára kí ọmọ ilé-ìwé tó ń kọjá bèèrè pé ta nìyí. Ṣùgbọ́n ère kò ní jíà. Ọdún 25 ni ó wà láàrin ikú ọkùnrin náà àti ọjọ́ tí wọ́n ṣí aṣọ lójú ère rẹ̀, a kò sì rí Autonov kankan lójú títì, ìbáà ṣe ní Èkó, ìbáà ṣe ní Parakou.

Òwe mìíràn wà tí ó ń bá ti àkọ́kọ́ jà: yinniyinni kẹ́ni ṣe mìíràn. Gẹ́gẹ́ bí òwe yìí, ìyìn ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe; ó ń fún apá ní okun. Òkú kò ní ṣe mìíràn. A lè dáhùn pé àwọn ọ̀dọ́ tó gbọ́ ni yóò ṣe é, òótọ́ sì ni, lápá kan. Ṣùgbọ́n kí ni ọ̀dọ́ náà ń gbọ́ gan-an? Bí ó bá jẹ́ pé orí òkú nìkan ni ó ti ń gbọ́ ìyìn, ó lè rò pé ikú ni owó ìyìn.

Àṣà wa kò sì dúró de ikú. Ọmọ tuntun kò tíì mọ orúkọ ara rẹ̀ tí ìyá àgbà ti ń kì í. Bí ó bá kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, oríkì ni yóò fi dá a lóhùn, orí ọmọ náà yóò sì wú. Oríkì kì í sì í ṣe ìyìn lásán: àléébù àwọn baba ńlá, ìjà tí wọ́n jà tí kò yẹ wọ́n, ọ̀rọ̀ ìtìjú ilé, gbogbo rẹ̀ lè wà níbẹ̀, a kì í yọ ọ́ kúrò kí ọ̀rọ̀ lè dùn. Èdè Faransé tí ó jẹ́ ìdajì ìwé ìròyìn wa yìí náà ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Inú homme ni hommage ti wá. Ní Yúróòpù àtijọ́, ènìyàn a kúnlẹ̀, a ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ àárín ọwọ́ olúwa rẹ̀, a sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun di ènìyàn rẹ̀. Alààyè ni a ń ṣe é fún, ó sì ń náni ní nǹkan: iṣẹ́ ìsìn, àti ẹsẹ̀ tí yóò rìn lọ sógun. Èyí tí à ń fi fóònù ṣe lónìí kò náni ju ìka kan lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ wa kò jẹ́ kí a sinmi. Ó ní bí a bá ń yin alààyè, ẹ̀tàn ni yóò dà, nítorí alààyè lè sanwó. Òkú kò lè san nǹkan kan, nítorí náà ìyìn òkú ni ó mọ́ jù. Ọ̀rọ̀ náà lágbára. Ẹni tó ti rí onílù tí ń wo ojú àwọn àlejò kí ó tó yan ẹni tí yóò kì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní àjọ̀dún Gáàní ní Nikki pàápàá, ojú ọba tó wà lórí ìtẹ́ ni wọ́n ti ń ka ìran rẹ̀. A gbà fún un títí dé ibì kan. Ṣùgbọ́n òkú gbajúmọ̀ náà ń sanwó: ẹni tó bá sunkún rẹ̀ ní gbangba ń jèrè ojú àwọn tó ń wò ó. Ìyìn tí kò lè mú èrè wá fún wa ni ti ẹni tí kò lókìkí, tí kò lówó, tí ó sì wà láàyè.

Nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni àwa mẹ́ta, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ náà, fi lọ sọ́dọ̀ bàbá kan ní Albarika tí ó ti ń tún rédíò ṣe kí a tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa, tí ó sì ń tún fóònù ṣe báyìí. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní àyíká wa, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ. A kí i kú iṣẹ́. A ní, “Bàbá, a fẹ́ kọ nípa yín sínú ìwé ẹgbẹ́ wa, nípa ohun tí ẹ ti ṣe fún àdúgbò yìí.” Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ló sọ fún yín pé mo ti kú?”

A ní rárá o, pé nítorí pé wọn kò tíì kú gan-an ni a ṣe wá. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí a wá ibì kan jókòó sí, kí òun kọ́kọ́ parí èyí tó wà lọ́wọ́ òun, nítorí ẹni tó ni ín ń bọ̀ wá gbà á kí ilẹ̀ tó ṣú.