Àmì ni Òróró

Lọ́jọ́ Ajé kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní kí n rán sùtánà funfun tó wọ́lẹ̀ dáadáa fún òun, nítorí ọjọ́ Àìkú ni wọn yóò fòróró yan òun ní wòlíì. Bí mo ti ń na téèpù sí i léjìká, ó ń ka ohun tí òróró náà yóò ṣe fún un: ọ̀tá kò ní rí i gbé ṣe, ẹnikẹ́ni kò sì ní lè yẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ wò mọ́. Mo kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, mo dákẹ́. Ó lé ní ọdún 20 tí mo ti ń ránṣọ fún àwọn ìjọ aláṣọ funfun. Télọ̀ kì í bá oníbàárà jiyàn.

Nígbà tí mo délé, mo ṣí Bíbélì. Ẹ́kísódù orí 30 sọ bí wọ́n ṣe ń po òróró mímọ́: òjíá, kínámónì, kálámù, kaṣíà àti òróró ólífì. Àlùfáà ni wọ́n ń dà á sí lórí. Sámúẹ́lì da òróró sórí Sọ́ọ̀lù àti Dáfídì, ọba sì ni wọ́n. Wòlíì ńkọ́? Ibi tí mo ti rí i tí Ọlọ́run pàṣẹ pé kí a fòróró yan wòlíì ni Àwọn Ọba Kìíní orí 19, níbi tó ti rán Èlíjà sí Èlíṣà. Mo ka ibi tí wọ́n ti pàdé lẹ́ẹ̀mejì. N kò rí ìgò, n kò rí ìwo. Èlíṣà ń fi màlúù túlẹ̀. Èlíjà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ju aṣọ rẹ̀ lù ú. Aṣọ! Èmi télọ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Èlíṣà bá pa màlúù tó fi ń ṣiṣẹ́, ó fi igi àjàgà sè é, ó pín in fáwọn ènìyàn jẹ, ó sì tẹ̀ lé ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa júwe rẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹni tó ń bu omi sí Èlíjà lọ́wọ́ ni wọ́n pè é. Bẹ́ẹ̀ náà ni Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá ṣe fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà sílẹ̀ lọ́dún 1928, nígbà tí ìpè dé.

Ẹ wo orúkọ tí àwa Yorùbá fún ẹni tí wọ́n fòróró yàn: ẹni àmì òróró. Àmì ọ̀hún ni mo dúró tì. Bí mo bá fi ṣọ́ọ̀kì fàlà sára aṣọ, ìlà yẹn kò tíì di ẹ̀wù. Ibi tí àlùmọ́gàjí yóò gbà ló ń fi hàn. Òróró ń sàmì síbi tí Ọlọ́run fẹ́ gé.

Jésù gan-an, tí oyè rẹ̀, Kristi, túmọ̀ sí ẹni àmì òróró, Ẹ̀mí ló bà lé e ní Jọ́dánì. Ní Násárẹ́tì, ó ka ìwé Aísáyà, ó sì sọ àwọn tí wọ́n tìtorí wọn yàn án: òtòṣì, ìgbèkùn, afọ́jú, ẹni tí wọ́n ń ni lára. Àwọn ará ìlú rẹ̀ tì í lọ sétí òkè láti taari rẹ̀ sísàlẹ̀.

Àwọn kan á ní ṣebí Sáàmù 105 kìlọ̀ pé ká má fọwọ́ kan ẹni àmì òróró. Kí wọ́n kà á láti òkè. Ọba ni ó ń kìlọ̀ fún, nítorí Ábúráhámù, Ísáákì àti Jákọ́bù, àlejò tí kò nílẹ̀. Ìkìlọ̀ tó ń gba aláìlágbára sílẹ̀ la wá ń fi gba alágbára lọ́wọ́ ìbéèrè. Dáfídì tí wọ́n da òróró sí lórí, ṣé wòlíì Nátánì kò ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sí i lójú ni?

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọmọkùnrin náà wá gba aṣọ rẹ̀.

“Mọ́mì, ẹsẹ̀ aṣọ yìí kò wọ́lẹ̀ o.”

“Mo ká a sókè díẹ̀ ni. Bó bá wù ọ́, tú u. Ṣùgbọ́n aṣọ tó ń wọ́lẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ bu omi síni lọ́wọ́ yára.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Mọ́mì, ta ni mo fẹ́ bu omi fún?”

“Ìyẹn ni kó o bi Ọlọ́run, kí òróró tó kán sí ọ lórí.”