BỌ́Ọ̀LÙ KỌ́ NI Ọ̀TÁ ÌWÉ

Bíbélì kíkà: 1 Tímótì 4:7-12
Ẹsẹ àkọ́sórí: 1 Tímótì 4:8

Òbí ọ̀wọ́n, bí ọmọ rẹ bá mú èsì ìdánwò tí kò dára wálé, kí ni o kọ́kọ́ máa ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Ní ilé tèmi, bàtà bọ́ọ̀lù ni. Ọmọ mi ṣe ipò kejìdínlọ́gbọ̀n, mo bá ti bàtà náà mọ́ inú àpótí. Ní tẹ́ẹ̀mù tó tẹ̀ lé e, èsì rẹ̀ tún burú sí i. Ó ń jókòó ti ìwé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́ fún mi.

Pọ́ọ̀lù fi ìwà-bí-Ọlọ́run ṣáájú eré ìdárayá, ṣùgbọ́n kò sọ pé eré kò ní èrè rárá. Ọmọ tó ń ṣeré máa ń sùn dáadáa, ara rẹ̀ á yá gágá, á sì lè fọkàn sí ohun tí tíṣà ń kọ́ ọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbani nímọ̀ràn pé kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi ara ṣiṣẹ́ tó ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní Pólì Ìbàdàn. Òun náà ló gbá góólù méjì wọlé Algeria nígbà tí Nàìjíríà gba Ife Ilẹ̀ Áfíríkà ní ọdún 1980.

Àìmọ̀wọ̀n ló ń ba ìwé jẹ́. Ọmọ tó gbá bọ́ọ̀lù títí ilẹ̀ fi ṣú, orí ìwé ni yóò sùn sí. Oníwàásù 3 kọ́ wa pé ohun kọ̀ọ̀kan ló ní ìgbà tirẹ̀. Mo dá bàtà padà, èmi àti ọmọ mi sì jọ fi àkókò sí i: eré títí di aago mẹ́fà, lẹ́yìn náà ìwẹ̀, oúnjẹ, ìwé, àdúrà, oorun. Kò tíì ṣe ipò kìíní o, ṣùgbọ́n ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ó sì tún ń sọ òtítọ́ fún mi.

Olùfẹ́, àwọn àgbà ní bí a bá fọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ká fi tòsì fà á mọ́ra. Má pa ẹ̀bùn inú ọmọ rẹ. Kọ́ ọ bí yóò ṣe kó o níjàánu. Ìwọ ọ̀dọ́ náà, bí àkókò ìwé bá tó, fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀.

ÀDÚRÀ: Baba, dárí jì mí níbi tí mo ti fi ìbínú tọ́ ọmọ. Fún mi ní ọgbọ́n, kí o sì fún àwọn ọmọ wa ní ara líle àti ọpọlọ pípé, ní orúkọ Jésù. Àmín.