Ta Ló Ti Ilẹ̀kùn?

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 1911, iná ṣẹ́ yọ ní ilé-iṣẹ́ aṣọ Triangle ní New York. Òṣìṣẹ́ 146 ló kú, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọbìnrin tí ọjọ́ orí wọn kò tó nǹkan. Ilẹ̀kùn kan tí wọn ì bá gbà sá jáde wà ní títì pa. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, iná jó ilé-iṣẹ́ rọ́bà kan ní Ìkòròdú. Níbẹ̀ náà, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn àtìpa ni àwọn òṣìṣẹ́ há sí.

Lẹ́yìn irú ikú bẹ́ẹ̀, a máa ń gbọ́ pé, "Bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ nìyẹn." Ọ̀rọ̀ yìí ń tu ọlọ́fọ̀ nínú, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gbà á lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ bá ń sọ ọ́, ó ti sọ Ọlọ́run di ibi ìsápamọ́ nìyẹn.

Ẹ̀sìn tí Yorùbá ń ṣe kò bá a sá pamọ́. Wande Abimbola, onímọ̀ Ifá, ṣàlàyé pé nínú Ifá, orí rere nìkan kò tó; ẹsẹ̀, tí í ṣe akitiyan ẹ̀dá, ló ń gbé orí débi ire. Ànábì ní kí ọkùnrin kan so ràkúnmí rẹ̀ ná, kó tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run. Èyí tó wọni lára jù wà nínú Diutarónómì 22:8: kí ẹni tó bá kọ́lé mọ odi yí òrùlé ká. Òrùlé àwọn ọmọ Ísírẹ́lì tẹ́ pẹrẹsẹ, èèyàn ń rìn lórí rẹ̀. Bí ẹnìkan bá já bọ́ níbi tí kò sódi, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ di ọrùn onílé. Òfin yẹn kò dúró de ẹni tí yóò kọ́kọ́ ṣubú.

Òfin wà ní Nàìjíríà náà. Òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 1987 sọ pé a kò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ òṣìṣẹ́ lọ́nà tí kò fi ní í lè ṣí i kíá láti inú.

Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ kì í ka òfin, ọ̀gá rẹ̀ ló ń wò. Ní ìsọ̀ wẹ́dà, bí ọ̀gá kò bá bo ojú, ọmọ náà kò ní í bo tirẹ̀. Tó bá dalẹ́, ojú yóò máa ta á bí ẹni tí wọ́n da iyanrìn sí lójú. "Á mọ́ ẹ lára," ni ọ̀gá yóò wí, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá tirẹ̀ náà ṣe wí fún un.

Lọ́jọ́ fírídọ̀mù, àwọn àgbà yóò gbàdúrà pé kí irin má ṣe ọmọ náà ní jàǹbá. Àwọn tó ń ṣe àmín lè ra ìbòjú wẹ́dà kan fún un, kí wọ́n sì fi bò ó lójú kí wọ́n tó tú ká.